Ewé Tó Tutù Lè Gbé Oró

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìwádìí lórí hòmóònù ewéko àti oró inú ilẹ̀, ohun kan ń ká mi lára nínú àwọn ìwé ìwádìí tí mò ń rí lọ́wọ́ yín. Ẹ ó gbin ìrẹsì sínú omi tó ní oró kádímíọ̀mù, ewé rẹ̀ á pọ́n, gbòǹgbò rẹ̀ á kúrú. Ẹ ó fi salicylic acid díẹ̀ tọ́jú òmíràn, ìyẹn á tutù yọ̀yọ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ pé hòmóònù ti gba ìrẹsì là. Ìrẹsì là lóòótọ́. Ẹni tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ẹ rántí àwọn ará etí odò Jinzu ní Toyama, lórílẹ̀-èdè Japan. Kádímíọ̀mù láti ibi ìwakùsà Kamioka ń bá omi odò náà wọ oko ìrẹsì wọn. Ìrẹsì so, wọ́n kórè, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kíndìnrín wọn bàjẹ́, egungun àwọn ìyá àgbà rọ̀, ó sì ń ṣẹ́. Àìsàn itai-itai nìyẹn. Ọdún 1968 ni ìjọba Japan tó gbà ní gbangba pé kádímíọ̀mù ló fà á. Kò sí ohun kan lára abọ́ ìrẹsì náà tó lè kìlọ̀ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Kádímíọ̀mù kò ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọ ewéko. Ọ̀nà tí gbòǹgbò fi ń fa irin tó nílò ló máa ń bá wọlé. IRT1 là ń pe ọ̀kan nínú wọn. Nínú ìrẹsì, OsNRAMP5 tó ń fa manganese ló ń gbà jù. Bí oró bá ti wọlé, hòmóònù tí à ń pè ní ABA á pọ̀ sí i lára ewéko. ABA yìí á dín iṣẹ́ IRT1 kù, á sì pa àwọn ihò tín-ín-tín tí ewé fi ń mí dé. Omi tó ń gòkè láti gbòǹgbò ló ń gbé kádímíọ̀mù dání, nítorí náà bí omi tó ń gba ojú ewé jáde bá dín kù, oró tó ń dé òkè náà á dín kù. Auxin, tí òun náà jẹ́ hòmóònù, á yí ibùjókòó padà ní ṣóńṣó gbòǹgbò: gbòǹgbò àgbà á dúró, àwọn ẹ̀ka á máa yọ. Ní ti salicylic acid, lọ́pọ̀ ìgbà ó kàn ń ran ewéko lọ́wọ́ láti gba ìyà mọ́ra ni.

Dídí ọ̀nà yàtọ̀ sí fífarada. Fífarada dára fún koríko tí a gbìn láti fa oró kúrò nínú ilẹ̀ tó ti bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Ó léwu nínú tẹ̀tẹ̀, tó mọ kádímíọ̀mù fà sínú ewé, tó sì jẹ́ pé ewé náà gan-an là ń sè. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn lẹ́bàá ààtàn, níbi tí wọ́n ti ń sun bátìrì àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, ń bà mí lẹ́rù púpọ̀. Òdiwọ̀n kádímíọ̀mù tí Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fi lélẹ̀ kò ju mílígíráàmù 0.2 lọ nínú kílò ẹ̀fọ́ eléwé kan, àti 0.4 nínú kílò ìrẹsì tí a ti bó.

Ẹ wọn oró gbòǹgbò lọ́tọ̀, ti ewé lọ́tọ̀, ti hóró lọ́tọ̀. Kí ẹ tó mú gbòǹgbò gbẹ, ẹ fi omi EDTA ṣàn án dáadáa, nítorí kádímíọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lóde kò tíì wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò náà. Bí ewéko kan bá wọn gíráàmù 1 tó sì ní máíkírógíráàmù 10, tí èkejì tí ẹ fún ní hòmóònù wọn gíráàmù 2 tó ní 14, ìkejì ní 7 péré nínú gíráàmù kan. Olùjẹ jèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ pé hòmóònù dí ọ̀nà, torí oró tó wọlé pọ̀ sí i. Títóbi ewéko ló fọ́n ọn ká.

Ẹ̀táńọ́ọ̀lù la fi ń yọ́ ABA àti salicylic acid. Àwọn ewéko tí ẹ kò fún ní hòmóònù gbọ́dọ̀ gba ẹ̀táńọ́ọ̀lù kan náà. Salicylic acid ń mú omi kan sí i, kíkan omi sì ń yí bí gbòǹgbò ṣe ń fa kádímíọ̀mù padà, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ba ABA jẹ́, ẹ bo ìgò rẹ̀. Bí ẹ bá dé abọ́ ìwádìí pinpin, ethylene, hòmóònù ewéko tó jẹ́ afẹ́fẹ́, á kó jọ sínú rẹ̀, gbòǹgbò á kúrú, ẹ ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ ìdérí sí oró lọ́rùn.

Pé hòmóònù pọ̀ sí i kò tíì fi hàn pé òun ló ṣiṣẹ́ náà. Ẹ lo fluridone láti dá ABA dúró, tàbí ewéko tí kò lè ṣe é, kí ẹ wo bóyá àǹfààní náà á lọ.

Bí èsì bá fi hàn pé ewé tutù, tí oró inú rẹ̀ sì lé sí i, ẹ kọ méjèèjì, kí ti oró ṣíwájú. Àgbẹ̀ tó bá sì bi yín bóyá kí òun ra hòmóònù náà wọ́n sí oko ẹ̀fọ́ òun, ẹ sọ fún un pé kó má tíì rà á, kó kọ́kọ́ gbé erùpẹ̀ oko rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò.