Ìwé Ni Yóò Gbé Yín Dé Pápá Náà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbá báskẹ́ẹ̀tì ní Lagbé ní Benin níbí, ìwé èsì ìdánwò yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí kí n tó wo bí ẹ ṣe ń fò. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń pa yín.

Yunifásítì mẹ́jọ ló wà nínú Ivy League ní Amẹ́ríkà: Harvard, Yale, Princeton, Brown, Columbia, Cornell, Dartmouth àti Pennsylvania. Wọ́n ti fẹnu kò lọ́dún 1954 pé àwọn kò ní í fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Bí apá òbí rẹ kò bá ká owó ilé ìwé ni wọ́n ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Harvard, Yale àti Princeton kì í sì í wo àpò bàbá ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbà á wọlé, ì báà jẹ́ láti Benin ló ti wá. Ọmọ kúkurú tó gba 16 lórí 20 sún mọ́ wọn ju ọ̀dọ́ gíga tó ń yí nínú 9.

Ẹ wo Miye Oni. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀; orúkọ náà kò kúkú fara pamọ́. Williams College, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí kì í bá àwọn ńlá du ife, ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ó tún fi ọdún kan kàwé sí i, Yale sì mú un. Ní 2019, òun ni agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Ivy League, NBA sì yàn án, ẹni 58 nínú 60. Láti 1995 títí di ìgbà náà, wọn kò tíì yan ọmọ Ivy League kankan. Ẹ fi ìyẹn ṣírò àǹfààní yín.

Ó wá ku bí a ṣe ń gbá a, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Pete Carril kọ́ àwọn ọmọ Princeton láti 1967 sí 1996. Ní March 1996 wọ́n pàdé yunifásítì UCLA, tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú. Ó di 41 sí 41. Steve Goodrich ló mú bọ́ọ̀lù. Gabe Lewullis ṣe bí ẹni fẹ́ jáde wá gbà á, ẹni tó ń ṣọ́ ọ tẹ̀ lé e. Ló bá yí padà, ó gba ẹ̀yìn ọ̀hún wọ abẹ́ àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù bá a níbẹ̀. 43 sí 41! Kò fò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun tó ṣe kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lọ́wọ́, ẹ̀yin kì í ṣe é. Bí ẹ bá ti fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù tán, ẹ ó dúró, ẹ ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ìyàwó tó ń bínú. Ẹ máa rìn! Ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ yín ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú rẹ̀, ojú ń purọ́. Bí ó bá ti gbé ìwúwo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹ gba ẹ̀yìn. Ẹni tó ń fúnni ní bọ́ọ̀lù náà kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí ẹnìkejì bá ti bọ́ sí gbangba, ó ti pẹ́ nígbà yẹn.

Ẹ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò ní àwáwí, Igolo kò jìnnà, Nàìjíríà tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ló wà lódìkejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yunifásítì mẹ́jọ náà ti ní dandan ni ìdánwò bíi SAT báyìí, kì í sì í ṣe èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọjọ́ orí yín ńkọ́? Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gé e kù. Ẹni tó bá sì ní òun mọ̀nà NBA, tó ń gba owó àti páàsípọ́ọ̀tù, ẹ ní kó wá bá àwọn òbí yín sọ̀rọ̀ lójú mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ mú ìwé ìṣirò dání. Wákàtí kan la ó fi ṣe é kí n tó gbé bọ́ọ̀lù jáde.