Ìwà Òmùgọ̀ àti Ọlá: Àyẹ̀wò Àfiwé Kan Nínú Ìwé Òwe

Ìfáárà
Orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n ìwé Òwe nínú Bíbélì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àfiwé méjì: òjò-dídì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò nígbà ìkórè. Méjèèjì ni a fi wé ọlá tí a gbé fún òmùgọ̀. Òmùgọ̀ ibí yìí kì í ṣe ẹni tí kò kàwé. Ẹni tí ó kọ ìbáwí ni.

Ìtumọ̀ Àfiwé Náà
Òjò-dídì ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Òkè-Àgbò mọ òjò ìgbà ìkórè dáadáa. Bí a bá sá kòkó sóòrùn, tí òjò sì ń pa á léraléra, kòkó náà yóò bu, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Òjò yìí kan náà ni igi kòkó fi so. Òjò kò burú; àsìkò tí ó rọ̀ ni kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọlá rí lọ́wọ́ òmùgọ̀. Ẹsẹ kẹjọ tún fi í wé òkúta tí a dè mọ́ kànnàkànnà: kò lè fò lọ bá ọ̀tá, orí ẹni tí ń fì í ni ó wà nínú ewu. Yorùbá náà ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé: a fi ọ́ jọba, o tún ń ṣàwúre, ṣé o fẹ́ di Ọlọ́run ni?

Àpẹẹrẹ Ọlá Tí Ó Yẹ
Abraham Adésànyà, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1922, jẹ́ agbẹjọ́rò àti sẹ́nétọ̀ láti 1979 sí 1983. Ó pe Ààrẹ lẹ́jọ́ lórí yíyan Onídàájọ́ Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ elétò ìdìbò. Ní 1981, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ náà. Ó pàdánù ẹjọ́, kò pàdánù iyì. Ní oṣù kìíní 1997, lábẹ́ ìjọba Sani Abacha, àwọn agbébọn yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Orí kó o yọ, kò sì fi ìjà fún ìjọba àwaarawa sílẹ̀. Ó kú ní 2008. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ìjẹ̀bú-Igbó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú, ọlá ni ó tẹ̀ lé e.

Ìkádìí
Bí ìlú bá ta oyè fún olówó tí kò gba ìmọ̀ràn, kì í ṣe oyè nìkan ni ó bà jẹ́: ọmọ tí ń wòran yóò kọ́ pé ìwà kò níye lórí. Oyè kì í sọ òmùgọ̀ di ọlọ́gbọ́n. Ṣe ni ó ń fi ìwà òmùgọ̀ rẹ̀ han ayé. Nítorí náà, ìwà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo àpò.