Ọ̀rọ̀ Fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Máa Yẹ Áàpù Wò

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti gba iṣẹ́ àyẹ̀wò áàpù. Inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ tó ń gba àwọn èèyàn tí o kò ní pàdé láé lọ́wọ́ wàhálà ni. Jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Àwọn tó kọ áàpù ti mọ ibi tí gbogbo bọ́tìnì wà. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn ò rí i mọ́ pé àlejò lè sọnù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹni ìta tó mọṣẹ́ kó wá bá wọn wò ó. Ní ọdún 1990, Jakob Nielsen àti Rolf Molich, ọmọ Denmark méjì, gbé ọ̀nà kan jáde tí kò náni lówó púpọ̀: kí àwọn onímọ̀ díẹ̀ mú ìlànà mélòó kan dání, kí wọ́n máa fi yẹ iṣẹ́ náà wò lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní 1994, Nielsen tún àwọn ìlànà náà tò, wọ́n di mẹ́wàá, àwọn náà làwọn èèyàn ṣì ń lò dòní.

Má kàn há wọn sórí. Mú ẹyọ kan, kí o wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ máa jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó mọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Wá wo ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, tó fẹ́ fi owó ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó aṣọ fún un. Ó tẹ PIN, ó tẹ bọ́tìnì, nǹkan róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nǹkan náà ń yí, ó ń yí, kò sọ nǹkan kan. Kí lo rò pé ìyá yẹn máa ṣe? Á padà sẹ́yìn, á tún un tẹ̀. Bí owó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, òun ló máa máa pe báńkì, òun ló máa máa bẹ̀bẹ̀ nítorí owó ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbólóhùn kan ì bá ti gbà á: "A ti gba àṣẹ yín, owó náà ń lọ lọ́wọ́. Ẹ má tún un fi ránṣẹ́." Kí bọ́tìnì náà sì kọ̀, kó má gba ìtẹ̀ kejì títí èsì fi máa dé.

Ohun tí mò ń pè ní àyẹ̀wò nìyẹn. Bí o bá kọ ọ́ síwèé pé "ojú ìwé yìí ò dára", o ò tíì sọ nǹkan kan. Kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kọ ìlànà tí wọ́n tàpá sí, kọ ẹni tó máa jìyà rẹ̀ àti ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ya àwòrán ojú fóònù náà mọ́ ọn.

Máa kọ ohun tó dára sílẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wa ní Nàìjíríà jẹ́ mẹ́wàá gbáko. Nínú ariwo ọjà, ó rọrùn kéèyàn ṣi ọ̀kan kọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kọ ọ́ tán tí o sì mú báńkì, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ orúkọ yẹn di wínníwínní sísàlẹ̀ kí ojú ìwé lè mọ́ nigín, má gbà fún un.

Ohun kan wà tó ń dùn mí gan-an. Fọ́ọ̀mù á ní kí èèyàn kọ orúkọ rẹ̀, onítọ̀hún á kọ Ṣọlá, ọ̀rọ̀ pupa á sì yọ lábẹ́ rẹ̀ pé lẹ́tà náà ò tọ̀nà. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ! Ọ̀kan nínú ìlànà mẹ́wàá yẹn ní kí ẹ̀rọ máa sọ èdè àwọn tó ń lò ó. Nítorí náà, gbogbo fọ́ọ̀mù tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ, fi ẹ, ọ àti ṣ dán an wò, fi àmì ohùn dán an wò, fi orúkọ tó gùn gbọọrọ dán an wò. Onímọ̀ tó jókòó sí Denmark lè má rántí. Ìwọ ò ní àwáwí.

Bí ọ̀gá rẹ bá ní ìwọ nìkan tó fún iṣẹ́ náà, rọra ṣàlàyé fún un. Nielsen ṣe ìṣirò iṣẹ́ mẹ́fà pọ̀, ó sì rí i pé bí ẹnì kan bá dá yẹ iṣẹ́ wò, nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ìṣòro ló ń rí. Ó ní kí wọ́n tó mẹ́ta ó kéré tán, kó dé márùn-ún bó bá ṣeé ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ kí kálukú kọ́kọ́ dá wò ó, kó sì kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó jókòó pọ̀. Bí ẹ bá jọ wò ó látìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹni tó lóhùn jù bá rí ni gbogbo yín máa rí. Mú èyí ní dandan, nítorí mo mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé á panu mọ́. Ìwé tí o ti kọ kí ó tó sọ̀rọ̀ ni yóò bá ọ sọ tìrẹ láìsí àrífín.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi nọ́ńbà sí bí ìṣòro kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, láti 0 dé 4. 0 kì í ṣe ìṣòro rárá, 4 ni èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe kí iṣẹ́ náà tó jáde. Ẹ wò ó bóyá ó máa kan ọ̀pọ̀ èèyàn, bóyá wọ́n á lè yọ ara wọn níbẹ̀, bóyá á ṣì máa yọ wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ tí kò wù ọ́ kì í ṣe 4. Owó tó lọ lẹ́ẹ̀mejì, 4 ni.

Ní 1992, Nielsen tẹ àbájáde kan jáde lórí ẹ̀rọ ìdáhùn orí tẹlifóònù tí àwọn oníbàárà báńkì ń pè láti béèrè nípa owó wọn àti láti fi owó ránṣẹ́. Àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò, ìdá 22 nínú 100 ìṣòro ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rí. Àwọn tó kọ́ ọ rí 41. Àwọn tó kọ́ ọ, tí wọ́n tún mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dunjú, rí 60. Wo àlàfo tó wà láàárín 41 sí 60 yẹn dáadáa. Bí áàpù owó ni wọ́n gbé fún ọ, lọ jókòó ti ẹni tó ń ṣe POS láàárọ̀. Wo ohun tó ń ṣe nígbà tí owó bá kúrò nínú àkáǹtì oníbàárà tí ẹ̀rọ sì ní kò lọ. Ìwé kankan ò ní kọ́ ọ ní ìyẹn.

Síbẹ̀, ìwọ kọ́ lo máa lò ó. Nǹkan tí onímọ̀ bá kà sí ìṣòro ńlá, àwọn èèyàn lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ohun tí kò kọbi ara sí sì dá wọn dúró pátápátá. Nítorí náà, lẹ́yìn àyẹ̀wò rẹ, gbé fóònù fún àwọn tó máa lò ó gan-an, kí o kó ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Bí o bá ti lè sọ pé "ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn, mà", o ti bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbé ìwé rẹ kalẹ̀, fi ọ̀wọ̀ bá àwọn tó kọ áàpù náà sọ̀rọ̀. Wọn ò sùn dáadáa láti oṣù mélòó kan, má fi ìwé rẹ dójú tì wọ́n níwájú ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n má sọ 4 di 2 nítorí pé wọ́n bẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ti tún un ṣe, gba èyí tuntun, fi sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí dátà rẹ̀ ò tó nǹkan, jáde sínú oòrùn ọ̀sán, kí o fi owó ránṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.