Ìjókòó Sípíkà Nínú Ìlẹ̀kùn Ọkọ̀: Yíyan Ọ̀rọ̀ àti Yíyan Ohun Èlò

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò ni òrùka líle tí ó yẹ kí ó wà láàárín sípíkà àti páànù ìlẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ sípíkà tí ọkọ̀ bá wá, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò rọrùn láti rí orúkọ kan pàtó fún òrùka yìí ní èdè Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìpín kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, kò gbà á mọ́ra, nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n gbájú mọ́.

Ojú ọ̀nà tí ó ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà jẹ́ ibì kan tí àìní yìí ti ń hàn. Orí òkè ni Ọ̀kà wà. Ọkọ̀ tí ó bá ń gùn ún a máa ké, ìró ẹ́ńjìnnì àti ti táyà a sì bo ohùn ìsàlẹ̀ orin mọ́lẹ̀ kí ó tó kan ohùn òkè. Èyí ni ó ń mú kí àwọn awakọ̀ lọ ra sípíkà tí ó lágbára jù. Oníbàárà tí ó wá bá rìwáyà ní Ìkàrẹ́ lè jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀kà. Ó sì lè jẹ́ ará Ìkáràmù, tí èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá rárá. Yorùbá àjùmọ̀lò ni yóò pa wọ́n pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dúnàádúrà bá ṣini lọ́nà, owó ni yóò bá a lọ.

Kí orúkọ tó ṣe é yàn, ó yẹ kí iṣẹ́ ohun náà yéni. Sípíkà ní awọ kan, tí wọ́n sábà máa ń fi bébà tàbí ọ̀rá ṣe, tí iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì ń tì síwá tí wọ́n ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí awọ bá fún afẹ́fẹ́ iwájú pọ̀, ti ẹ̀yìn ń tú ká. Bí àlàfo bá wà létí sípíkà, afẹ́fẹ́ iwájú yóò yí kọjá lọ dí ti ẹ̀yìn, ìró méjèèjì yóò sì pa ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni èyí ń bà jẹ́ jù, nítorí pé ìgbì ìró tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó nǹkan bí mítà 3.4, ó sì rọrùn fún un láti yí etí sípíkà po. Èyí tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 5,000 kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Ẹ̀wẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin kẹta Newton, bí awọ ti ń lọ síwájú ni ara sípíkà ń ta sẹ́yìn. Páànù ìlẹ̀kùn kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Bí sípíkà bá wà lórí rẹ̀ lásán, páànù yóò máa bá a jó.

Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó yá ni béèsì, ṣùgbọ́n béèsì náà ni àwọn olórin ń pe ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé béèsì òun kò dára kò tíì sọ èyí tí ó ń ṣe é nínú méjèèjì. Gbohùngbohùn pẹ̀lú kò dára tó láti fi rọ́pò sípíkà: ó ń jẹ́ ohùn tí àpáta dá padà, àwọn kan fi ń pe máíkì, ó sì jẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1970. Ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Níwọ̀n ìgbà tí awọ ti wà, ẹnìkan lè rò pé igi ìlù ni ó yẹ kí òrùka náà máa jẹ́. Àfiwé yìí léwu. Ṣe ni wọ́n gbẹ́ inú igi ìlù kí òun àti awọ lè jọ dún. Iṣẹ́ òrùka sípíkà ni pé kí ó má dún. Ẹni tí ó bá gba orúkọ yẹn gbọ́ lè lọ yan ohun fífúyẹ́ tí ń ró kóń-kóń, kí ó sì rò pé òun ra ojúlówó. Òṣùká sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òrùka ni òun náà, ó sì ń gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n rírọ̀ ni òṣùká ń rọ̀ kí ó lè gba ìrísí orí. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ etí sípíkà láti dí àlàfo ni orúkọ yìí tọ́ sí.

Ìjókòó ni ó kù, òun ni ó sì yẹ jù. Ìkòkò ń jókòó lórí ààrò. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni àfòmọ́ ì- ti mú ọ̀rọ̀-orúkọ jáde, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ láti padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe náà: rìwáyà lè bi ọmọṣẹ́ rẹ̀ bóyá sípíkà jókòó. Òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ náà ní ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣi ìgbìmọ̀ pè ní ìlẹ̀kùn ọkọ̀.

Ní ti ohun èlò, ọ̀tá ìjókòó ni omi. Òjò máa ń gba etí gíláàsì wọ inú ìlẹ̀kùn, a sì jáde láti ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dí. MDF, tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gúlúù tẹ̀, le, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n omi a máa mú un wú títí bóòtù yóò fi tú. Àfi bí wọ́n bá kun ún dáadáa, títí kan inú ihò bóòtù. Ìrókò ń fara da omi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé pákó kan ṣoṣo ní òrùka, ó lè là tẹ̀lé ìṣàn igi níbi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Puláíwúùdù kò ní àléébù yìí, nítorí pé ìpele rẹ̀ ń dábùú ara wọn. Èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 18, tí wọ́n kùn, dára púpọ̀. Ọ̀rá líle tí ó nípọn tàbí alumíníọ́ọ̀mù kò ní í wú láéláé. Ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ lè tẹ̀ kì í ṣe ìjókòó, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sára páálí rẹ̀. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n yí gíláàsì sísàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì wọn àyè tí ó kù fún ẹ̀yìn sípíkà. Ara páànù ni kí wọ́n de ìjókòó mọ́ pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì, kì í ṣe ara ọ̀rá tí ó bo ìlẹ̀kùn nínú.

Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tán, tí ìlẹ̀kùn ṣì ń dún bí saworo etí ìyáàlù, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ìjókòó nígbà tí orin ń lọ. Bí kò bá gbọ̀n, kí wọ́n wo irin kọ́kọ́rọ́ àti wáyà tí ó ń gbá páànù nínú.