Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Àmọ́ Ọjà Yìí Ní Ẹnubodè

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Yewa kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á fún un. Ẹni tó bá ti dé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò rí mọ̀ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà, ipa ẹsẹ̀ pọ̀ nínú igbó lọ súà. Òwe yìí gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi dá mi lóhùn nígbà tí mo bi í pé irú nọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ fi oṣù mẹ́fà dà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ó ti gba dìgírì nínú máíkíróbáyọ́lọ́jì, iṣẹ́ kò yọjú. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rán aṣọ funfun fún un, wọ́n kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Èmi ni mo sìn ín lọ wáṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù tó gba ìwé náà yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kankan, ó sì rọra tì í padà sórí tábìlì. "Ọmọ mi, ta ló gbowó yìí lọ́wọ́ ẹ?" Ọmọ náà ò lè fèsì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Fàyàwọ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣé abẹ́rẹ́ gígún nìkan niṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni? Nọ́ọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ rí i lóru pé ẹ̀jẹ̀ abiyamọ kò dá, òun ló ń rí i pé oògùn tí wọ́n kọ fún ọmọ ọwọ́ ti pọ̀ jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, aṣọ funfun lásán ló wọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ fi òyìnbó dá mi lóhùn. Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní dìgírì kan lè fi oṣù 11 sí 18 gba ti nọ́ọ̀sì. Ẹ wá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gé. Ẹ̀kọ́ gbogboogbò tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yọ, wọ́n sì yọ ọlidé. Wákàtí tó ń lò nídìí aláìsàn kò dín sí ti àwọn ọlọ́dún mẹ́rin. Kó tó wọlé, ó ti gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara àti ti kòkòrò àìfojúrí. Tó bá jáde, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, NCLEX, ń dúró dè é.

Nílé níbí, ọdún márùn-ún ni ti yunifásítì. Dìgírì sáyẹ́ǹsì lè mú èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì nípasẹ̀ Direct Entry, níbi tí wọ́n bá ti gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì wà ní Ìlaròó gan-an. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ilé ìwé náà. Ẹ sì yẹ èsì WAEC yín wò: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Èyí tí kò bá gbé nínú wọn, dìgírì kò lè dí àlàfo rẹ̀.

Bíbẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Tíṣà ni Kofoworola Abeni Pratt kó tó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní 1946, ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Òun ló padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn.

Òwe àwọn baba wa kò tọ́ tán níbí yìí. Ọ̀nà pọ̀, mo gbà. Ọmọ ọdún 18 ní tirẹ̀, ẹni tó ti gba dìgírì ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹnubodè kan ṣoṣo, ti Ìgbìmọ̀, ni gbogbo wọn já sí, wọ́n á sì tú ẹrù oníkálùkù wò.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú èsì WAEC rẹ̀ wá. Físíìsì ni kò gbé. Ó ti gba fọ́ọ̀mù GCE láti tún un ṣe. Lálẹ́ àná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ló jókòó sí, tó ń fi iná fóònù kàwé, tí n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́.