Ológbò Kì í Ṣe Nájísì, Ìgbẹ́ Rẹ̀ Ńkọ́?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sin ológbò nítorí èkúté. Àwọn ọmọ wa ń gbé e jókòó, ó sì ń bá wọn sùn lórí ẹní. Ǹjẹ́ ẹ̀sìn wa gba èyí láàyè?

Ìdáhùn wà nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá. Kabshah bu omi àlùwàlá fún bàbá ọkọ rẹ̀, Abu Qatadah. Ológbò kan dé láti mu nínú omi náà, Abu Qatadah sì tẹ igbá náà sí i títí ó fi mu tẹ́rùn. Nígbà tí ó rí i pé ẹnu ya Kabshah, ó sọ fún un pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ológbò kì í ṣe nájísì, nítorí ó wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣi hádíìsì yìí lò. Nájísì ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ológbò. Bí ó bá kan aṣọ ìrun, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́.

Àwọn oníṣègùn náà kìlọ̀ nípa ìgbẹ́ yìí. Kòkòrò àìrí kan tí à ń pè ní Toxoplasma lè wà nínú rẹ̀, pàápàá bí ológbò bá ń jẹ èkúté. Bí aboyún bá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́, oyún lè bàjẹ́, tàbí kí ojú àti ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ní àbùkù. Ó máa ń gba kòkòrò náà tó ọjọ́ kan sí márùn-ún lẹ́yìn tí ológbò bá ti yàgbẹ́ kí ó tó lè ran ènìyàn.

Nítorí náà:

1. Kí á máa kó ìgbẹ́ ológbò lójoojúmọ́, kí á sì fi ọṣẹ fọwọ́. Kí ẹlòmíràn bá aboyún kó o.

2. Kí á fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí á tó sè é.

3. Bí ológbò bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tí ó fi èékánná ya á lára, kí á fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí á sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ológbò náà lè ní àrùn dìgbòlugi. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó yè é.

4. Kí á má fi ebi pa ológbò. Ànábì wa sọ nípa obìnrin kan tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé títí ó fi kú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹ́ràn ológbò wọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn ní ìmọ́tótó. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwa àti ọmọ wa. Àmín.