Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: KÍ NI Ó Ń MÚ ÈNÌYÀN YAN IBI TÍ YÓÒ FI OWÓ RẸ̀ SÍ?



Ní ìpàdé ọdọọdún, bí akápò bá ti ka ìṣirò owó tán, ìbéèrè kan ni ó máa ń dá ariwo sílẹ̀: níbo ni kí á fi owó tí ó ṣẹ́kù sí? Àwọn kan a ní ibi tí èrè bá ti pọ̀ jù ni. Àwọn mìíràn a kọ́kọ́ béèrè irú iṣẹ́ tí wọn yóò fi owó náà ṣe. Kí ni ó ń sún àwọn wọ̀nyí?

1. Ẹ̀rí ọkàn. Ẹni tí ó bá fi owó sínú òwò ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń ṣe é. Ní ọdún 1758, àwọn Kristẹni tí a ń pè ní Quaker ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, pinnu pé ọmọ ìjọ tí ó bá ń ra ẹrú tàbí tí ó ń tà á kò ní í jókòó nínú ìpàdé ìṣàkóso mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ kò ní í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè òwò náà pọ̀ nígbà náà. Àwa tí a kó ènìyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba mọ ẹni tí ìyà rẹ̀ jẹ.

2. Ìfẹ́ láti tún nǹkan ṣe. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fi owó sí Barclays nítorí òwò rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1986, báńkì náà ta ìpín rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Nàìjíríà pẹ̀lú gba ìpín British Petroleum nínú epo wa ní 1979 nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà fúnra wọn ni wọ́n ru ẹrù tí ó wúwo jù, ṣùgbọ́n owó tí a fà sẹ́yìn ràn wọ́n lọ́wọ́.

3. Ọgbọ́n. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń da ẹ̀gbin sínú odò tí a ń mu, owó wa ni yóò fi san ìtanràn lọ́la. Síbẹ̀, a kò sọ pé òwò rere kì í jẹ gbèsè. Inú rere kò dípò ìwé ìṣirò: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

4. Àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dá rìn. Ní Rochdale, ní 1844, àwọn òṣìṣẹ́ bíi méjìdínlọ́gbọ̀n dá owó jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan. Wọn kò po àdàlù, wọn kò sì yí òṣùwọ̀n. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní 1995, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé kọ ìtọ́jú àwùjọ sínú ìlànà wa ní Manchester.

Ẹ jíròrò ìwọ̀nyí ní ìpàdé yín:
(a) Ṣé a mọ iṣẹ́ tí owó ẹgbẹ́ wa ń ṣe báyìí?
(b) Èrè wo ni a kò ní í gbà, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó?
(d) Bí èrè bá dín díẹ̀ nítorí èyí, ṣé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, títí kan opó tí ó ní ìpín kan ṣoṣo, ti gbọ́, wọ́n sì ti gbà?

Ìbéèrè kẹta yìí ni kí ẹ má ṣe fò. Owó gbogbo wa ni. Ìmọ̀ gbogbo wa ni ó yẹ kí ó darí rẹ̀.